Bí Ẹ Bá Fẹ́ Fi Ilé Ta Ọmọ Lọ́rẹ: Ìwé Ìyọ̀ǹda àti Ọ̀rọ̀ Owó Orí Ẹ̀bùn

Ìbéèrè tí àwọn onílé tó ti ń dàgbà ní Maryland, Mende, Ọ̀rẹ́gùn títí dé Agége ní Èkó máa ń kọ́kọ́ bi lọ́yà ni pé, "Èló ni ìjọba máa gbà lọ́wọ́ mi bí mo bá fún ọmọ mi nílé?" Ìdáhùn rẹ̀ ò gùn: kò sí owó orí ẹ̀bùn ní Nàìjíríà. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé àwọn wo ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ̀bùn náà tó lè dúró níwájú adájọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ti ń já sófo, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ni orí yìí máa pẹ́ lé lórí jù. A ó dé ọ̀dọ̀ owó orí náà, pàápàá fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé Amẹ́ríkà, torí òfin tiwọn kò jọ tiwa rárá.

Ìyọ̀ǹda ẹbí, ìyọ̀ǹda Gómìnà

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ilé yín wò. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, Ọ̀gbà àti Ọ̀rẹ́gùn láyé ọjọ́sí ló ra púlọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, tí wọ́n gba risíìtì, tí wọ́n kọ́lé, ó parí. Risíìtì ẹbí jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ sanwó, àmọ́ kò tó ohun tí a fi ń tọ́rọ ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ìjọba. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ lọ ṣe C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) ná kí ẹ tó dárúkọ ẹ̀bùn.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí yín fúnra yín ńkọ́? Olórí ẹbí kò lágbára láti dá nìkan fi ilẹ̀ ẹbí ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ì báà ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ kedere pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè fagi lé e. Bí àwọn àgbà ẹbí bá sì tà á lẹ́yìn olórí, òtúbáńtẹ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti títà nìyẹn, níbi tí owó ti wọlé fún ẹbí. Ti ọ̀rẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹbí kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìyá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ sì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹbí ló kan ìjọba. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó jáde ní 29 Oṣù Kẹta 1978 kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Abala 22 rẹ̀ ní ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi yáwó, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn lọ́nà yòówù kó jẹ́, láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Abala 26 ní ohun tó bá lòdì sí èyí, asán ni. Ẹni tó bá rò pé títà nìkan ni òfin ń bá wí kò ka "lọ́nà yòówù kó jẹ́" yẹn. Òun ló mú ẹ̀bùn mọ́ ọn.

Àwọn kan á tún ní àwọn ti ní ilẹ̀ tàwọn kí 1978 tó dé, pé òfin náà ò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti yanjú èyí ní 1989 nínú ẹjọ́ báńkì Savannah àti Ajilo. Ajilo fi ilé rẹ̀ yáwó lọ́wọ́ báńkì láìsí ìyọ̀ǹda. Nígbà tí báńkì fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ilé, òun fúnra rẹ̀ ló gba ilé ẹjọ́ lọ pé àdéhùn náà kò dúró torí Gómìnà kò fọwọ́ sí i, ó sì borí. Ó jọ ọ̀rọ̀ àwàdà, àmọ́ ohun tí ẹjọ́ yẹn fi lélẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ti ní ilẹ̀ kí òfin tó dé gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda bíi ti ẹni tó ní C of O. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe àti Chinukwe, ilé ẹjọ́ kan náà dẹ okùn náà díẹ̀: ẹ lè fọwọ́ sí ìwé láàárín ara yín kí ìyọ̀ǹda tó dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí títí tí yóò fi dé. Lójú tèmi, ìdájọ́ kejì yìí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Bàbá á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bùn ní ọ́fíìsì lọ́yà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ìrẹsì, ìwé á sì wọ inú àpótí lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe Gómìnà ló ń jókòó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Abala 45 gbà á láyè láti gbé agbára náà lé Kọmíṣánnà lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má fòyà bí ẹ bá rí orúkọ mìíràn lábẹ́ ìwé yín.

Ẹ tún ṣàkíyèsí ohun kan tó kan agbègbè Ìkẹjà yìí. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 Oṣù Karùn-ún 1967. Ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ìbàdàn ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ Ìbàdàn sára ìwé bàbá yín tó wà ní Mende, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú. Nọ́ńbà, ojú ewé àti fọ́líọ́ọ̀mù tó wà lára rẹ̀ ni wọn yóò fi wá a jáde.

Fọ́ọ̀mù 1C

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ìkẹjà, tó ní ilé alájà kan ní Mende pẹ̀lú C of O, tó sì fẹ́ fi ta ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́rẹ. Lọ́yà á kọ ìwé ẹ̀bùn. Bàbá àti ọmọ ló máa fọwọ́ sí i, torí ẹ̀bùn tí olùgbà kò gbà kì í ṣe ẹ̀bùn, a ó sì so ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ (survey) mọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Fọ́ọ̀mù 1C, ìwé tí Èkó fi ń tọ́rọ ìyọ̀ǹda, tí wọ́n ń gbà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláúsá.

Orúkọ ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí C of O bá sọ pé "Alhaji" tí káàdì ìdánimọ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí orúkọ àárín kò sí lórí ọ̀kan nínú wọn, ẹ lọ búra sí i ní kóòtù kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí lọ́hùn-ún, tí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn níhìn-ín, wọ́n á dá a padà ni.

Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè irú nǹkan tí ẹ ń ṣe, ẹ kọ ẹ̀bùn. Ẹ má kọ títà. Mo tẹnu mọ́ èyí torí àwọn aṣojú ilé kan máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí bàbá "ta" ilé fún ọmọ ní ₦1,000,000 kí ó lè yá. Irọ́ tí kò lérè ni. Ìjọba kì í fi iye tí ẹ kọ ṣírò owó, àwọn fúnra wọn ló ń díye lé ilé. Bó bá sì di ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú, àwọn àbúrò ọmọ yẹn á bèèrè risíìtì owó tí ó san fún bàbá, kò sì ní rí i mú jáde. Níbi iye tí a san, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ pé nítorí ìfẹ́ tí bàbá ní sí ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ̀rí tó lágbára ni gbólóhùn yẹn nínú òfin.

Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè nọ́ńbà ìwé ilé, ẹ wo inú C of O gan-an, kí ẹ má wo ẹ̀dà tí inki rẹ̀ ti ń parẹ́. Mẹ́fà àti mẹ́jọ máa ń jọra nínú fọ́tòkọ́pì.

Bàbá àti ọmọ á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì búra lé e níwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ ìbúra, bí mágísíréètì tàbí nótárì. Bí ọmọ bá wà lókè òkun, ó lè ṣe tirẹ̀ níwájú nótárì níbẹ̀ tàbí ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà, kí ó sì fi ìwé gidi ránṣẹ́. Àwòrán orí WhatsApp kò tó.

Bí ìyá tàbí bàbá bá jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ka, ẹ fara balẹ̀ gidigidi. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ní kí a ka ìwé náà sí i létí ní èdè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka, kí ẹni tó kọ ìwé sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé a kà á fún un ní Yorùbá, pé ó yé e, kí ẹni tó kà á fọwọ́ sí i. Ìka tí a kàn mú tẹ inki ní yàrá ọsibítù, láìsí gbólóhùn yẹn, òun ni lọ́yà alátakò á kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Àwọn ìwé tó máa tẹ̀lé fọ́ọ̀mù pọ̀: lẹ́tà ìtọrọ, ẹ̀dà C of O tí ìjọba fòǹtẹ̀ lù, ìwé ẹ̀bùn pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, fọ́tò ilé, risíìtì Land Use Charge (owó ọdọọdún lórí ilé), ìwé àṣẹ ìkọ́lé bí ilé bá wà lórí ilẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí owó orí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tax clearance, ti bàbá àti ti ọmọ. Ìwé ẹ̀rí owó orí yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Àjọ LIRS tó ń gba owó orí ní Èkó ló ń fún ni, ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ló sì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Bàbá á ní, "Mo ti fẹ̀yìn tì, kí ni mo fẹ́ san?" Òótọ́ ni pé owó orí kò kan owó ìfẹ̀yìntì. Àmọ́ bí ayálégbé bá wà nínú bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn ilé, owó ilé ló ń wọlé fún un yẹn, owó orí sì kàn án. Ẹ fi ìwé owó tó wọlé fún yín lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ sí LIRS kí 31 Oṣù Kẹta tó kọjá, bí ó tilẹ̀ kéré. Ẹni tó bá ń ṣe é lọ́dọọdún kò ní sáré nígbà tó bá nílò ìwé ẹ̀rí.

Iye tó máa ná yín

Láti 2015 ni Èkó ti mú owó ìyọ̀ǹda wálẹ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye dúkìá: 1.5% fún ìyọ̀ǹda gan-an, 0.5% fún owó orí èrè orí dúkìá, 0.5% fún òǹtẹ̀, 0.5% fún ìforúkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá díye lé ilé Mende wa yẹn ní ₦160,000,000, ₦2,400,000 ni ti ìyọ̀ǹda, àwọn mẹ́ta tó kù á jẹ́ ₦800,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ ₦4,800,000. Owó fọ́ọ̀mù àti owó lọ́yà kò sí nínú rẹ̀. Kí lọ́yà yín béèrè ìwọ̀n tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, torí òfin owó orí ti yí padà láti 2026. Kí ó sì béèrè ìdí tí wọ́n fi ka owó orí èrè mọ́ ọn bí wọ́n bá kà á, nítorí ẹni tó fi ilé tọrẹ kò jèrè kankan.

Òfin tuntun náà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 26 Oṣù Kẹfà 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 2026, kò dá owó orí ẹ̀bùn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Táíwò Oyèdélé tó ṣètò rẹ̀ ka ẹ̀bùn mọ́ àwọn ohun tí owó orí kò kàn. Ẹ̀rù tó ṣì ń ba àwọn àgbà kan kì í ṣe lásán ṣá o. Láti 1979 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń gba owó orí lórí dúkìá tí èèyàn bá fi tọrẹ láàyè tàbí tó fi sílẹ̀ kú, 1996 ni wọ́n sì tó pa á rẹ́.

Ohun tí òfin tuntun yí padà wà níwájú fún ọmọ tó gba ilé. Bí ó bá ń gba owó ilé, owó tirẹ̀ ni láti ọjọ́ yẹn lọ, owó orí rẹ̀ sì di tirẹ̀. Bí ó bá tà á lẹ́yìn ọ̀la, èrè tó bá jẹ á wọ inú owó tó ń wọlé fún un, níbi tí owó orí ti lè dé 25%, àyàfi bó bá jẹ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọkọ̀ tàbí ilé, ẹ má pe ìyẹn ní ẹ̀bùn lójú agbowó orí. Owó iṣẹ́ ni wọ́n máa kà á sí.

Bí bàbá bá kú kí ìwé tó parí

Lábẹ́ òfin àṣà Yorùbá, bí onílé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé ilé ẹjọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: Suberu Dawodu kú ní 1940 pẹ̀lú ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, wọ́n sì ní ìdí igi ni kí wọ́n fi pín dúkìá rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin, ìyá sí ìyá. Ọmọ tó bá di ìwé ẹ̀bùn tí kò tíì gba ìyọ̀ǹda mú lọ́jọ́ tí bàbá kú, ìdí igi yìí ló máa bá jà. Ó lè borí. Ó tún lè ná ogún ọdún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìkẹjà.

Bí ohun tó ń dá bàbá dúró bá jẹ́ ìbẹ̀rù pé wọ́n á lé òun jáde nínú ilé ara òun, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bùn pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ayé wọn. Lọ́yà tó mọṣẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ ọ́.

Bí ọmọ bá wà ní Maryland kejì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní ìpínlẹ̀ Maryland ti Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn á ní Maryland níhìn-ín, Maryland lọ́hùn-ún. Ká ní ọmọ bàbá Mende yẹn wà níbẹ̀, ó sì ti di ará Amẹ́ríkà. Bàbá kì í ṣe ará ibẹ̀, Èkó sì ni ilé wà, nítorí náà Amẹ́ríkà kò ní gba owó orí ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí àpapọ̀ ẹ̀bùn tí ọmọ gbà lọ́wọ́ àjèjì lọ́dún kan bá ju $100,000 lọ, ó gbọ́dọ̀ fi Fọ́ọ̀mù 3520 sọ fún IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà. Bí a bá fi dọ́là kan sí ₦1,500 ṣírò, ilé ₦160,000,000 ti kọjá ààlà yẹn. 15 Oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e ni gbèdéke, ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́, kì í bá ìwé owó orí ọdọọdún rìn. Ìtanràn àìfiránṣẹ́ jẹ́ 5% iye ẹ̀bùn lóṣù kan, ó lè gùn dé 25%. Ẹ wo bó ṣe rí: kò sí owó orí kankan láti san, ìtanràn sì lè gba ìdá mẹ́rin ilé.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó wà lọ́hùn-ún ló ń fúnni, fọ́ọ̀mù mìíràn ni, 709, ẹni tó fúnni ló sì ń kọ ọ́. Ní 2025 àti 2026, ó lè fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó $19,000 lọ́dún láìkọ nǹkan kan. Bí ó bá ra ilé ní Agége ní $60,000 fún àbúrò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù náà, kódà bí kò bá ní san kọ́bọ̀, torí ohun tó ṣẹ́ kù á wọ inú ààlà ọjọ́ ayé, tó jẹ́ $15,000,000 ní 2026. Tọkọtaya lè pín ẹ̀bùn sí méjì kí ó di $38,000, bí ọkọ tàbí aya bá fọwọ́ sí ìyọ̀ǹda lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ ṣọ́ra níbí: àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí olùgbé Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Ọ̀gbà, tí kò tíì gba ìwé ìgbélùú, kò lè fi orúkọ ìyàwó náà pín in. Owó ilé ìwé tàbí owó ìtọ́jú tí ẹ bá san tààrà fún ilé ìwé tàbí ọsibítù kò sí nínú ìṣírò yìí. Bí ẹ bá san án sínú àkáǹtì màmá, ó wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ pẹ̀lú pé bí ó bá fẹ́ ta ilé náà láìpẹ́, iye tí bàbá fi kọ́ ọ ní 1982 ni Amẹ́ríkà á fi ṣírò èrè rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé tó bá jogún, iye tó tó lọ́jọ́ ikú bàbá ni wọ́n ń lò. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ìwé ìhágún lè dára ju ẹ̀bùn lọ. Ti Ìlú Ọba kò gba àlàyé púpọ̀ fún bàbá tí kò gbé ibẹ̀ rí, àmọ́ ọmọ Yorùbá tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ogún níbẹ̀, tó wá fi ilé rẹ̀ ní Èkó tọrẹ tí ó sì kú kí ọdún méje tó pé, ilé náà lè wọ inú owó orí ogún tiwọn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin ni mo ń bá wí kẹ́yìn. Bàbá tó lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lónìí lè máà lè mú bírò dání lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó fi owó aṣọ ẹbí ọgọ́rin ọdún rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ fi owó ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ ná.